Kùùkù Àgbàdo Tó Dúró Lẹ́yìn Ògiri Mi

Ẹ̀yin ará mi, ṣé ẹ ti jẹ búrẹ́dì tó dà bí iyanrìn lẹ́nu yín rí? Èmi ti jẹ ẹ́, lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí. Kì í ṣe pé búrẹ́dì náà kò dùn o. Ẹni tó gbé e wá fún mi mọ iṣẹ́ búrẹ́dì ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Ohun tí mo ṣe fún un ni kò jẹ́ kó lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí, bóyá ẹ ó rí ọ̀rọ̀ bá mi sọ.

Aránṣọ ni mí, ní Òkókómáíkò. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mo fẹ́ràn láti máa wádìí nǹkan. Bí èèrà bá ń tò lọ lára ògiri, n óò dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ láti mọ ibi tó ń lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èmi àti ọkọ mi ra ilẹ̀ wa, nígbà tí ibẹ̀ gbẹ táútáú. Bíríkìlà tó mọ fẹ́ǹsì fún wa jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ onílẹ̀ ní Ìbà. Ó fi ihò mẹ́ta sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn, ó sì fi mẹ́ta sílẹ̀ ní ti iwájú. Mo bi í pé kí ni ihò wà fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá ìbejì, láti kékeré mi ni omi ti ń gba ibí lọ sí ọ̀sà ní Ọ̀jọ́. Ẹ̀yin lẹ wá bá a o. Ẹ má dí i."

Ọdún méjì ni omi fi gba àgbàlá wa kọjá nígbà òjò, ẹrẹ̀ níwájú, ẹrẹ̀ lẹ́yìn. Ó sú mi. Nígbà tó wá di ẹ̀ẹ̀rùn, ejò kan gba inú ihò wọlé, ó ká jọ sídìí ìkòkò omi. Ṣebí àwọn àgbà ló sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀? Mo po sìmẹ́ńtì, mo dí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹ̀yìn pa, mo sì fi ọwọ́ ara mi dán an. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni n óò sọ? Ògiri mi ni.

Ìyá Rísí ló ń gbé lẹ́yìn wa. Opó ni, ààrò búrẹ́dì alámọ̀ ló fi ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Òun ló ń bá mi pọn ìbejì nígbà tí mo ṣàìsàn. Nígbà tí òjò ọdún náà dé, omi ya wọ ilé rẹ̀ dé orúnkún. Ààrò rẹ̀ wó, àpò fúláwà rẹ̀ di ẹ̀kọ. Nílé tèmi, ilẹ̀ gbẹ! Mo tilẹ̀ dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run yọ mí sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn onílé pe ìpàdé. Wọ́n ní eérú igi tí Ìyá Rísí ń dà nù ló dí gọ́tà. Ó dùn mí. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, èmi yóò tọpa omi náà kí wọ́n tó dá ẹjọ́. Ní Sátidé ìmọ́tótó, bí òjò ṣe ń dá, mo ṣa kùùkù àgbàdo méjìlá, mo so òwú pupa mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n lè dá wọn mọ̀, mo jù wọ́n sínú gọ́tà lápá Ìbà, mo sì ń bá wọn rìn. Ẹ wo bí inú mi ti dùn tó! Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Ìyá Rísí ń da eérú sí, wọn kò tilẹ̀ dúró. Mo pàtẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kò jẹ̀bi! Ta wá ni? Mo ká ìró sókè, mo tẹ̀ lé wọn gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bá gbogbo wọn, wọ́n ń pòyì lójú kan lẹ́yìn ògiri, níbi mẹ́ta tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ yàtọ̀. Mo mọ ọwọ́ tó dán sìmẹ́ńtì náà.

Mo ṣa wọ́n sínú ìró mi. Ní ìpàdé, Bàbá Alága ní, "Ìyá ìbejì, rìpọ́ọ̀tì yín dà?"

Mo ní, "Omi yẹn ti pọ̀ jù, sà. Mi ò lè tẹ̀ lé e débi tó ń lọ."

Kí ló ṣe mí? Ẹ̀rù ni. Wọn ì bá wó fẹ́ǹsì mi, ẹ̀rí tí mo jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ì bá sì di ẹ̀sín. Bí olúkúlùkù ti ń pariwo eérú, ilẹ̀ ni mò ń wò. Wọ́n ní Ìyá Rísí kò gbọdọ̀ dáná búrẹ́dì ládùúgbò wa mọ́. Oṣù náà kò tíì parí tó fi kó ẹrù lọ sí Ifọ̀.

Lẹ́yìn tó lọ ni mo mú òòlù, mo lu ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òjò tó tẹ̀ lé e, omi gba àgbàlá mi kọjá jẹ́jẹ́, kò wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn onílé sọ? "Ẹ ò rí i? Eérú yẹn náà ni!"

Ọdún mẹ́rin rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ìyá Rísí yà sọ́dọ̀ mi, ó gbé búrẹ́dì méjì dání. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyá ìbejì, gbogbo wọn ló sọ̀rọ̀ sí mi lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ nìkan lo dákẹ́. Mi ò lè gbàgbé ẹ láéláé." Ó fẹ́ padà wá. Ó ní kí n bá òun bẹ ẹgbẹ́, kí wọ́n forí ji òun nítorí eérú náà, òun ò ní dà á sí gọ́tà mọ́. Ẹ gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ti gbà pé òun jẹ̀bi!

Ìpàdé ku ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kí n kàn bá a bẹ̀bẹ̀, kí ó padà sídìí ààrò rẹ̀, kí n sì pa ẹnu mọ́? Àbí kí n sọ òtítọ́, kí n pàdánù ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó rò pé mo ṣe òun lóore? Kùùkù àgbàdo kan ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, òwú pupa ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ṣé kí n mú un lọ?