Ọwọ́ Tí Wọ́n Tún Gbé Ọmọ Lé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá tí ó fi awọ bo egungun mi, tí kò sì jẹ́ kí awọ náà di ẹ̀gàn fún mi ní ọjọ́ ogbó.

Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti ń jọ́sìn lábẹ́ páànù ní Ìgàndó níhìn-ín, èmi ni mo ń gbé ọmọ lọ síwájú pẹpẹ ní ọjọ́ ìkómọ. N kò bẹ̀bẹ̀ fún ipò náà. Ìjọ ni ó fi í fún mi. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí sùtánà tí ó funfun tó tèmi. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olùkọ́. N kò lè fi aṣọ rírún dúró níwájú Ọlọ́run.

Ní èṣí, ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ó dé ìgbọ̀nwọ́, ó dé àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ mi pọ́n, ó sì sán. Mo fi kànìnkànìn àti omi gbígbóná ha ara mi, ṣe ni ó ń burú sí i. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, pé kí Olúwa fi ọ̀tá tí ó wà nídìí rẹ̀ hàn mí.

Ní ọjọ́ ìkómọ kan, mo na ọwọ́ sí ọmọ, ìyá rẹ̀ sì rọra fà á sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, kò rí mi fín. “Ẹ má bínú, Mà. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa gbé e títí ọwọ́ yín yóò fi san.” Mo padà lọ jókòó. N kò sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ni mo ti sun ún.

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, mo kọ́ ọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ẹ́síímà ni, àìsàn awọ tí ń yúnni, pé kì í ràn, pé awọ ara mi kò fẹ́ ohun líle. Nígbà tí a délé, nọ́ọ̀sì yìí ní kí n fi ohun tí mo fi ń tọ́jú sùtánà han òun. Mo kó bílíìṣì jáde, mo kó sítáàṣì, mo kó lọ́fínńdà tí mo ń wọ́n sí ọrùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

“Màmá Tíṣà, ọ̀tá tí ẹ gbààwẹ̀ lé lórí rèé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń lọ̀ ọ́, tí ẹ sì ń gbé e wọ̀.”

Inú bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àdúrà mi ti gbà.

Láti ìgbà náà, ọṣẹ tí kò ní òórùn ni mo fi ń wẹ̀, pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Kí ara mi tó gbẹ tán ni mo ti fi ìpara tí dókítà fún mi pa á. Mo jáwọ́ nínú bílíìṣì, sítáàṣì àti lọ́fínńdà, omi mẹ́ta ni mo sì fi ń ṣan sùtánà. Kò dúró gan-an mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ó ṣì funfun ju tiyín lọ. Ọwọ́ mi ti jinná, ṣùgbọ́n àìsàn náà kò tíì lọ pátápátá. Bí ọyẹ́ bá dé, a tún máa yọjú, èmi náà a sì ti múra dè é.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, ìyá ọmọ náà mú un wá fún ìdúpẹ́ ọdún kan. Èmi kọ́ ni mo na ọwọ́. Òun ni ó tọ̀ mí wá níbi tí mo jókòó, tí ó ní, “Ẹ bá wa gbé e, Mà.” Ọmọ náà ti wúwo, apá ń ro mí, síbẹ̀ n kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí àdúrà fi parí.

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ bá mi yọ̀, kí ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́.