Mo Gbé Àpótí Lọ Sẹ́nu Ọ̀nà Pásítọ̀ Nítorí Àbúrò Mi

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi… Bọ́lá, ṣé fóònù yẹn ti ń gbà á sílẹ̀? Ó dáa. Gbé e súnmọ́ mi díẹ̀. Ẹ̀yin tó kù, ẹ jókòó dáadáa, mi ò ní pariwo.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, níbí, ní Iléṣà, òṣómàáló ni bàbá wa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn rí? Aṣọ ni wọ́n máa ń rù kiri ìlú onílùú. Bàbá á gbé ẹrù aṣọ, á gba ọ̀nà Òṣú jáde, ó dìgbà tó bá dé. Wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á tún padà lọ gba owó. Tí oníbàárà bá ní òun ò ní nǹkan lọ́wọ́, Ìjẹ̀ṣà á ní kò burú. Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Òṣòó ni màá ló títí n ó fi gba tèmi." Kò ní jà. Kò ní bú ẹnikẹ́ni. Á kàn wà níbẹ̀… Ará àdúgbò á máa kọjá, wọ́n á máa wò, ojú á wá máa ti onílé.

Bàbá mú mi dání lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó onígbèsè gbé iyán jáde fún wa. Mo wo ojú Bàbá. Ó ní, "Jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, jẹ ẹ́, kí o dúpẹ́, kí o tún jókòó. Oúnjẹ kọ́ la wá gbà." Ẹ̀rín ń pa yín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Bàbá yìí kan náà, kò sí àárọ̀ kan tí kì í gbàdúrà. Kì í kúnlẹ̀ o. Bó ṣe ń lóṣòó níwájú onígbèsè náà ló ṣe ń lóṣòó gbàdúrà. Ó ti mọ́ ọn lára. Káyọ̀dé, bàbá àgbà yín tí a sin yìí, àbúrò tó tẹ̀lé mi, ọmọ kékeré ni nígbà náà. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń wo Bàbá. Bí Bàbá ṣe ṣe àmín tán, Káyọ̀dé ní, "Bàbá, ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ṣé ó máa ń dá yín lóhùn?"

Háà! Mo ti ń retí ìró ìgbátí. Ta ló tó bi bàbá rẹ̀ ní irú ìyẹn láyé ìgbà yẹn? Lónìí, ọmọ á ti yọ fóònù, á ní kí Bàbá wá kà á. Ṣùgbọ́n Bàbá ò gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "Kò tíì dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n mi ò ní dìde lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀."

Ẹ gbọ́. Èmi àti Káyọ̀dé la jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Èyí tí èmi gbọ́ ni "mi ò ní dìde." Èyí tí òun gbọ́ ni "kò tíì dá mi lóhùn." Ibẹ̀ ni ọ̀nà wa ti yà.

Ó dàgbà, ó di tíṣà ní Òṣogbo, ó ń kọ̀wé. Ó kọ ọ́ ní gbangba pé òun ò rí Ọlọ́run, òun ò sì ní sọ pé òun rí i nítorí kí wọ́n lè máa kí òun. Ó kọ̀wé bá pásítọ̀ wí, ó kọ̀wé bá ààfáà wí, àwọn ọlọ́ṣun tó jẹ́ ẹbí ìyá wa gan-an, kò yọ wọ́n sílẹ̀. Wọ́n lé e níṣẹ́. Wọ́n ju òkúta sórí páànù ilé rẹ̀. Wọ́n ní àrá ló máa sán pa á. Òjò mélòó ni kò rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Irun rẹ̀ funfun, eyín rẹ̀ yọ, àrá ò wá.

Ẹ má rò pé mo fara mọ́ ohun tó ń kọ o. Onígbàgbọ́ ni mí. A jà! Ẹnu Káyọ̀dé mú bí abẹ, ó sì máa ń gbéra ga nígbà mìíràn. Ó kọ nǹkan kan nípa ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí ìkórè mìíràn fi dé. Àmọ́ tó bá wá sílé mi, tí mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, tí mo ní ká gbàdúrà, ọwọ́ rẹ̀ kì í kan àwo. Á dúró títí n ó fi ṣe àmín. Á wá ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ sè é." Inú á bí mi… inú mi á sì tún dùn.

Nígbà tí wọ́n lé e níṣẹ́, agboolé ìyá wa ní Òṣogbo ló sá lọ. Àwọn kan lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá wa, ọlọ́ṣun paraku, pé kó lé e jáde. Bàbá náà wò wọ́n. Ó ní, "Nínú agboolé yìí, mùsùlùmí wà, onígbàgbọ́ wà, àwa ọlọ́ṣun náà wà. Ẹni tí kò ní ọ̀kankan, ẹrù tirẹ̀ ló fúyẹ́ jù. Ṣé yàrá ni kò ní gbà á ni?" Ẹni tí Káyọ̀dé ń kọ̀wé ta ko ẹ̀sìn rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ o! Lónìí ńkọ́? Lónìí, ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí kì í fẹ́ jẹun nílé ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tọ̀hún. Gbohùngbohùn ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà.

Bọ́lá, ìwọ mọ ìtàn Fúnkẹ́, ìyá rẹ. Wòlíì kan ló ní àjẹ́ ni. Ọmọ kékeré! Wọ́n so ó mọ́ òpó nílé àdúrà. Àwa tá a mọ Bíbélì, à ń kọjá, à ń sọ pé "Olúwa á ṣàánú." Káyọ̀dé ló wọlé lọ tú okùn. Ó gbé ọmọ náà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sílé, ó sọ ọ́ di ọmọ. Mo bi yín o… ta ló ṣe iṣẹ́ Olúwa lọ́jọ́ náà?

Nígbà tí àìsàn ti ọ̀tẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá kú, wọ́n á ní mo ronú pìwà dà. Ẹ má gbà fún wọn." Mo ní, "Pa ẹnu ẹ dé. Ìwọ lo máa sin mí." Ó ní, "Ẹ ṣèlérí fún mi ná." Mo ṣèlérí.

Ní ọsibítù ní Òṣogbo, ohùn rẹ̀ ti lọ. Pásítọ̀ wa wá láti Iléṣà. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, tí ẹ bá ti gba Jésù, ẹ di ọwọ́ mi mú ṣinṣin." Káyọ̀dé dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni, mo wà níbẹ̀, ó dì í mú. Ó di ọwọ́ tèmi náà mú. Ó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó wá gún un lábẹ́rẹ́ mú. Ẹni tó ń kú lọ, kí ni kò ní dì mú?

Ó kú. Kí á tó sunkún tán, gbogbo Iléṣà ti gbọ́ pé Káyọ̀dé aláìgbàgbọ́ ti yí padà. Dẹ́lé, àkọ́bí rẹ̀, ti lọ tẹ àwòrán rẹ̀ ńlá: "Ó sùn nínú Olúwa." Ìsìn máa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ máa jẹ́rìí ìyípadà rẹ̀ lórí àga ìwàásù. Mo ní, "Dẹ́lé, bàbá rẹ ò sọ bẹ́ẹ̀." Omi lé sójú ọmọ náà. "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ aláìlọ́lọ́run. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí, ẹ jẹ́ kí n sin bàbá mi bí ọmọ ènìyàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Òótọ́ ló sọ. Ó wá ní, "Ẹ̀yin sì ni ẹ̀gbọ́n. Àgbà kì í fojú kan sàréè àbúrò rẹ̀. Ẹ jókòó sílé, a ó ṣe é." Ẹ rí i? Wọ́n á sin Káyọ̀dé pẹ̀lú irọ́, èmi tí mo mọ òótọ́ á wà nílé, màá máa gba "ẹ kú ará fẹ́ra kù." Rárá o.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àpótí tí mo fi ń jókòó dáná. Orúnkún ò gba lílóṣòó mọ́, àpótí ló kù. Ọlọ́kadà ní, "Yèyé, níbo lẹ̀ ń gbé àpótí lọ?" Mo ní, "Mo fẹ́ lọ gba gbèsè."

Mo gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà pásítọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn. "Háà, Yèyé! Ẹ wọlé."

"Mi ò wọlé."

"Kí ló dé?"

"Ẹ fi ọ̀rọ̀ sí àbúrò mi lẹ́nu. Ẹ wá yọ ọ́."

Ó rò pé eré ni. Ó jáde lọ, ó dé, mo wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin wa kọjá, wọ́n ní, "Yèyé, ohun tí ẹ̀ ń ṣe yìí ò dáa o." Mo ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ kan nà fóònù sí mi, wọ́n ń yà mí. Mo tún gèlè mi ṣe. Bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn dúró, ó wò mí, ó wo àpótí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Òṣómàáló! Mo ṣebí wọ́n ti tán!" Mo ní, "Ó ku ẹyọ kan." Ìyàwó pásítọ̀ gbé ìrẹsì jáde. Mo jẹ ẹ́. Mo dúpẹ́. Mo tún jókòó.

Oòrùn ti ń rọ̀ kí pásítọ̀ tó jáde wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Èmi ni mo gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì rẹ̀. Ó ní, "Yèyé, tí mi ò bá jẹ́rìí yẹn, ìjọ ò ní gbà kí n sin wọ́n. Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni."

Mo ní, "Mo mọ̀. Ẹ má sin ín."

Ó wò mí. Mo ní, "Ọwọ́ tó dì mú yẹn, ṣé ẹ lè búra pé Jésù ló fi gbà?" Ó ń gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹni tí kò parọ́ fún Ọlọ́run rí láyé rẹ̀, ṣé àwa onígbàgbọ́ la máa wá parọ́ mọ́ ọn nínú pósí?"

Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Mi ò lè búra, Yèyé. Mi ò ní jẹ́rìí yẹn mọ́."

Mo gbé àpótí mi. Mo ti gba tèmi.

Ẹ̀yìnkùlé Bàbá la sin ín sí. Agogo ò lù. Orin ò sí. Wọ́n ní kí n jókòó sílé, mo lọ. Mo mọ èèwọ̀ náà kí wọ́n tó bí ẹni tó ń kìlọ̀ ẹ̀ fún mi. Mo lọ, mo dúró létí sàréè àbúrò mi, mo sì kì í. Mo ki oríkì ilé wa, mo kì í dé orí Bàbá, mo kì í dé orí ẹni tó bí Bàbá. Oríkì ò bi ẹnikẹ́ni pé ṣọ́ọ̀ṣì wo lo ń lọ. Mo wá ní, "Káyọ̀dé, o jẹun, o dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sè é. O tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. O ní o ò rí Ọlọ́run. Bí o ṣe wí náà lo ṣe kú, kò sẹ́ni tó yí i. Sùn re." Fúnkẹ́ ló kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀. Pásítọ̀ wá, ó wọ bùbá lásán, ó dúró lẹ́yìn pátápátá.

Dẹ́lé ò tíì kí mi títí di òní. Kó má kí mi. Tí inú rẹ̀ bá rọ̀, ilé mi kò jìnnà. Wọ́n ní lórí fóònù yín níbẹ̀ yẹn, àwọn kan ń kọ ọ́ pé Káyọ̀dé ti wà ní ọ̀run àpáàdì. Ta ló bá a débẹ̀ tó wá jíṣẹ́? Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo tẹ́ ara mi sílẹ̀ dáadáa. Àyè wá gbà mí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gba Ọlọ́run gbọ́, ẹ má gbà á gbọ́, ẹ̀yin àtòun lẹ jọ ni ín. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu, nítorí òkú ò lè bá yín jiyàn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Èmi ti dàgbà jù, mi ò lè dúró de ogún ọdún.

Àárọ̀ òní, kí ẹ tó dé, mo jókòó lórí àpótí yẹn, mo gbàdúrà. Mo ní, "Olúwa, àbúrò mi ò kan ilẹ̀kùn Rẹ nítorí ó ní kò sẹ́ni nínú ilé. Èmi ní O wà ńbẹ̀. Bí O bá wà ńbẹ̀, ṣílẹ̀kùn fún un."

Kò tíì dá mi lóhùn.

Mo wà níbẹ̀. Mi ò ní dìde.