Èékánná Tí Mo Fi Bàtà Tẹ̀ Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin òbí abúlé wa, Cwmhelyg, ẹ ní kí n kọ ojú ewé kan sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lórí ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ nílé yín lọ́wọ́lọ́wọ́: ṣé ó yẹ kí òbí gba ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún láyè kó lẹ èékánná àlẹ̀mọ́? Èmi lẹ gbé e fún, torí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe rẹfirí nẹ́tíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù sínú àwọ̀n tí àwọn ọmọbìnrin wa ń ṣe. Mo máa dáhùn. Èmi kì í sá fún ọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn, nǹkan kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó sì ti tó àkókò kí n pọ̀ ọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn tó ogún. Ẹni tó bá ń mu tíì lọ́wọ́, kó gbé ife sílẹ̀ ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí lè má mọ̀ pé Delyth Onísísọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ á tò, wọ́n á na ọwọ́ sókè, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sí mi. Bí mo bá rí èékánná tó yọ bíńtín lókè orí ìka, tó lè ya ẹlòmíràn lára, ọmọ náà kò ní wọ pápá àfi tí mo bá gé e. Sísọ́ọ̀sì kékeré kan wà lápò mi nígbà gbogbo. Mo ti gé ti ọmọ pásítọ̀, mo ti gé ti ọmọ ọ̀gá ilé ìwé. Ní oṣù kejì ọdún tí mò ń sọ yìí, mo gé ti Lowri Bevan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún abúlé kejì. Eirian ìyá rẹ̀ àti èmi jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ náà fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Àǹtí Delyth, ẹ jọ̀ọ́, èékánná tèmi nìyí o, mi ò rà á. Ọlọ́run ló fún mi." Mo ní, "Ọlọ́run ló fún ẹ, Delyth ló máa gbà á. Mú ọwọ́ wá." Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi lé ròrò sí i lójú. Mo gé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo sì fi ìgbéraga lọ sílé. Ẹ fi ọmọ yìí sọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Non, ọmọ àbúrò mi obìnrin, fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, aago méjì ọ̀sán. Mared ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà, wà lára àwọn tó máa tẹ̀lé ìyàwó. Ó ní gbogbo àwọn yòókù ń lẹ èékánná, kí n jẹ́ kí òun náà lẹ̀ tòun. Gethin ọkọ mi fò dìde. Ó ní, "Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Kí ló fẹ́ fi èékánná ológbò ṣe, ṣé eku ló fẹ́ pa ni?" Mo ní, "Gethin, fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀. Èékánná lásán! Ìwọ tó o gbé irun tó balẹ̀ dé èjìká wá síbi ìgbéyàwó wa, ta ló bá ẹ wí?" Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi fúnra mi ni mo gbé Mared lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ṣe é, mo jókòó tì í, mo bá a mú àwọ̀ tí ìyàwó yàn fún wọn: àwọ̀ ewé tútù, ìlà wúrà kan nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Ohun tí mo rántí tí mo sì tì sẹ́yìn ọkàn ni pé àwa àti abúlé Lowri ní eré ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé kan náà, pé àwọn tó ń yan ọmọ sínú ẹgbẹ́ agbègbè ń bọ̀ wá wòran, àti pé èmi ni rẹfirí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń mú rẹfirí tirẹ̀ wá níbí, kò sì sẹ́ni tó kà á sí nǹkan pé ìyá ń fọn fèrè fún ọmọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Mared jókòó sídìí tábìlì, kò jẹun. Ó ní, "Mọ́mì, báwo la ṣe máa ṣe ọwọ́ mi?" Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn. Ẹnu mi lọmọ ń wò. Ṣùgbọ́n yíyọ rẹ̀ máa gbà tó wákàtí kan, ìyàwó ti yan àwọ̀, àwọn tó ń yan ọmọ sẹ́gbẹ́ ti wà lọ́nà. Mo ní, "Wé plásítà mọ́ ọn. Eré wákàtí kan péré." Nígbà tí wọ́n tò, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Rẹfirí kejì, ọmọge kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé àṣẹ, tiẹ̀ ní, "Nígbà tí Àǹtí Delyth bá ti yẹ̀ wọ́n wò, kí ló tún kù tí mo fẹ́ wò?" Mo yẹ Lowri wò, èékánná rẹ̀ kúrú dé ẹran. Mo yẹ àwọn tó tẹ̀ lé e wò. Mo dé iwájú ọmọ mi, ó na plásítà mẹ́wàá sí mi, ó tẹjú mọ́ mi, mo sì kọjá. Ká ṣẹ́jú pẹ́ ni. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ tèmi, ojú ọmọ ẹlòmíràn ló sì bá a lọ.

Plásítà àti òjò kì í ṣọ̀rẹ́. Nígbà tí eré dé ìpín kẹta nínú mẹ́rin, mo rí i tó ń tú lọ́wọ́ Mared ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Fèrè wà lẹ́nu mi, mo kọ̀, mi ò fọn ọ́n. Bọ́ọ̀lù kan lọ sókè, Mared àti Lowri jọ fò sí i, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe. Lowri ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú òsì. Mo sáré débẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kì í ṣe ọmọ náà, èékánná kan ni, aláwọ̀ ewé, ó dá wà lórí ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi tẹ́ pápá, tí òjò ti rẹ, ìlà wúrà rẹ̀ ń dán. Mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo pariwo pé, "Mared, sáré lọ mú àpótí oògùn wá nínú mọ́tò, kó o sì wọ ìbọ̀wọ́ ẹ, òtútù pọ̀!" Ohun tí mò ń sọ yé ọmọ náà yékéyéké, ó lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, mo mú èékánná náà, mo jù ú sápò pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì mi. Lowri ń ké, "Èékánná ni! Mared lẹ èékánná! Ó ti wọ̀ mí lójú!" Eirian ìyá rẹ̀ ti sáré dé, ó ń wò mí. Mo fi ohùn tí ẹ mọ̀ mọ́ mi yẹn sọ pé, "Bọ́ọ̀lù ló gbá a lójú. Èmi ni mo yẹ ọwọ́ wọn wò. Kò sí èékánná ní pápá mi." Ta ló fẹ́ bá Delyth Onísísọ́ọ̀sì jiyàn lórí ọ̀rọ̀ èékánná? Kò sẹ́nì kankan.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú sí? Ẹ ní sùúrù. Ní aago kan ọ̀sán, nínú mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo nu èékánná yẹn, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà síbi tó ti já lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó ní, "Mọ́mì, ojú ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní, "Rẹ́rìn-ín, wọ́n ti ń pè wá fún fọ́tò." Fọ́tò náà wà lára ògiri ilé àbúrò mi dòní, ìka mẹ́wàá pé pérépéré. Lọ́jọ́ Ajé, mo kọ̀wé ìṣẹ̀lẹ̀ sí ẹgbẹ́ pé bọ́ọ̀lù ni. Nínú ìwé ìròyìn yìí kan náà, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ mi jáde pé ó dùn mí pé ọmọ kan fẹ̀sùn èké kan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èké! Ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́. Dókítà ti sọ fún Eirian pé àpá ti dé ẹyinjú ọmọ rẹ̀, pé kùrukùru lásán ni yóò máa fi ojú òsì rí.

Ọjọ́ kẹwàá, agogo ilẹ̀kùn mi dún. Eirian ló dúró síta, ó di Lowri lọ́wọ́ mú, òwú funfun wà lójú ọmọ náà. Wọ́n wọlé sí ilé ìdáná. Eirian ní, "Delyth, ọ̀rẹ́ mi, ojú tó ń dun ọmọ mi, ìyẹn dùn mí, àmọ́ mi ò tọ́mọ pé kó máa purọ́ mọ́ èèyàn. Lowri, ó yá, bẹ Mared." Mared wà nídìí sítóòfù, kò lè gbójú sókè. Èmi ni Lowri fi ojú kan ṣoṣo wò. Ó ní, "Ẹ má bínú pé mo purọ́." Èmi Delyth wá dáhùn, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, mo ní, "Ó ti tán, ọmọ mi. A ti dárí jì ẹ́." Mo gbé àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yan síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹyọ kan torí ìyá rẹ̀ ní kó jẹ ẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìyẹn ni mi ò lè wò lójú. Ẹnì kan lè pe ti ojú yẹn ní àṣìṣe. Orúkọ rere tí mo gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbà á ni, mo sì tún fi àkàrà tì í lẹ́nu.

Lowri kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Lowri Onírọ́ ni wọ́n ń pè é nílé ìwé, títí ó fi jáde. Mared náà fi eré sílẹ̀ láàárín oṣù kan, kò sì lẹ èékánná mọ́ láyé rẹ̀. Èmi ń bá iṣẹ́ mi lọ, mò ń gé èékánná àwọn ọmọ olọ́mọ, ẹ sì ń yìn mí.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú òsì mi, wọ́n yọ awọ tó ti bò ó. Fún ọjọ́ mẹ́rin, ojú kan ni mo fi ń ríran. Mo fẹ́ po tíì, mo da omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó jó mi lọ́wọ́. Mo tún un dà, ó tún bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bá jókòó sí ilé ìdáná yẹn, níbi tí ọmọ olọ́mọ ti bẹ̀ mí, mo sunkún bí ọmọdé. Ilé oògùn ìlú wa ni Lowri ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Ọdún mélòó kan ni mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ ra oògùn nílùú mìíràn kí n má bàa ko ó lójú, àmọ́ ojú kan ò jẹ́ kí n lè dá wọ bọ́ọ̀sì, ni mo bá lọ. Ó gbé ìgò oògùn ojú mi súnmọ́ ojú ọ̀tún rẹ̀ kó tó lè kà á. Ó ní, "Ẹ̀kán kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, Àǹtí Delyth. Ẹ má fọwọ́ ra á o. Tiyín máa mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan." Kò fi gún mi lára, ó kàn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni.

Mo ní, "Lowri, èékánná ni."

Ó gbé ìgò sílẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Aláwọ̀ ewé ni, ìlà wúrà wà nídìí ẹ̀. Ohun tójú yẹn rí kedere kẹ́yìn nìyẹn." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ dákẹ́, Àǹtí, èèyàn ti tò sẹ́yìn yín. Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀ ìdí káńtà. Màmá mi kú lọ́dún tó kọjá, ẹ wà níbi ìsìnkú, ẹ̀yin lẹ gbé àkàrà wá. Títí tí wọ́n fi kú, wọ́n rò pé mo purọ́. Ibi tí ẹ ti pè mí ní èké, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ sọ ọ́." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹni tó kàn."

Mo sọ fún Gethin. Ó ní, "Mo ní èékánná ológbò ni." Mo pe Mared lórí fóònù, mo ní mo lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ohun tí mò ń kọ fún yín yìí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Èmi náà dákẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mò ń retí pé kí ẹ ní kí n yọ ọ́ ni. Mo máa sunkún, mo máa bínú sí yín, mo sì máa yọ ọ́."

Ìdáhùn mi nìyẹn, ẹ̀yin òbí. Bó bá wù yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lára èékánná, àwọn ọmọ tiwa kọ́ ló sì kọ́kọ́ fẹ́ràn oge. Ṣùgbọ́n òbí tí ò bá lè sọ pé "Yọ ọ́" láàárọ̀ Sátidé, kó má sọ pé "Lẹ̀ ẹ́" lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, bí ìyá yín bá ní kí ẹ fi plásítà bo nǹkan, ẹ ti mọ̀ pé kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Mo ti dá fèrè àti sísọ́ọ̀sì padà fún ẹgbẹ́. Mo sì tún ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ yẹn kọ, mo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wà: Èékánná Mared Prosser ló wọ Lowri Bevan lójú òsì. Rẹfirí rí èékánná náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó rí i nílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó gbé e pamọ́. Èmi, Delyth Prosser, ni rẹfirí. Lowri, mò ń tọrọ àforíjì, bí o kò bá sì fún mi, mi ò ní rojọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí mo ní láti sọ ọ́ fún, mo sì ti pẹ́ jù. Eirian, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ rẹ kò purọ́.