Mo Ní Kí Fèyí Má Gbá A Jáde

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn tí í lọ. Àárẹ̀ ọkùnrin tó ń sọ òótọ́ ni, tí gbogbo ayé sì dúró tì í, tí wọ́n ń retí ìgbà tó máa rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kékeré kan wà ní àdúgbò wa nítòsí òpópónà Adébáyọ̀ ní Adó níbí, Fèyí lorúkọ rẹ̀. Tí mo bá bi í pé ṣé dáadáa ló jí, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan lúgọ síbẹ̀ tó ń fi fóònù ká a sílẹ̀. Bàbá rẹ̀, tí a jọ mu gààrí nígbà tí a wà ní poli, tí a jọ ń gba ẹsẹ̀ rìn nígbà tí kò sí owó ọkọ̀, ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá kó má baà pàdé mi. Ta ló fà á? Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa kí n sọ ọ́.

Ojú mi yìí ni ọ̀tá mi. Kì í yí padà tí mo bá ń tan èèyàn. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tuntun kan dé ọ́fíìsì wa, mo sọ fún un pé ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ti bàjẹ́, kó máa gba orí àtẹ̀gùn. Ilé náà kò ní òkè. Ọmọ ọlọ́mọ wá àtẹ̀gùn dé ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà kan wà tí mo sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ìjọba kò fẹ́ kí àkùkọ kọ kí ilẹ̀ tó mọ́ mọ́, àfi èyí tó bá gba àṣẹ. Títí di òní, bàbá kan wà lójúlé kẹta sí wa tó ń fi agbọ̀n bo àkùkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń rẹ́rìn-ín, àfi ìyàwó mi. Ó ní, "Bàbá Ṣadé, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iná máa jó yín, ẹ máa pariwo, a ó sì máa pàtẹ́wọ́ fún yín." Mo rò pé àsọdùn ni.

Èmi ni kóòṣì àwọn ọmọdé ìjọ wa. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni-méje ni wọ́n ń gbá, lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn ìjọ tó wà ní Adó àti agbègbè rẹ̀ sì máa ń bá ara wọn díje lásìkò ìsinmi. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn kò ṣòro láti ṣàlàyé. Mo fẹ́ kí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ aṣọ́lé, kó máa ti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé iwájú, dípò kí a kàn máa gbá a sókè bí ẹni ń lé ẹyẹ. Ọmọ méjì tó wà lẹ́yìn á lọ dúró sí etí pápá lọ́tùn-ún àti lósì, ẹnì kan á sọ̀kalẹ̀ wá sí àárín. Mo ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ibi yòówù tí bọ́ọ̀lù bá wà, kí èèyàn méjì wà nítòsí tó lè gbà á. Mo ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn wọn kí bọ́ọ̀lù tó dé, kì í ṣe ìgbà tó bá dé tán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Fèyí ni aṣọ́lé wa. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ ni. Bí olùkọ́ bá pè é ní kíláàsì, ilẹ̀ ló máa ń wò. Nígbà tó ní òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, bàbá rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, o mọ ọmọ yìí. Tí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí pápá yìí, kò ní la ẹnu mọ́ láéláé nìyẹn. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í lé o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹ gbọ́, irú bọ́ọ̀lù tí mo ń sọ yìí, aṣọ́lé kò lè dákẹ́ níbẹ̀. Òun ló ń rí gbogbo pápá, òun ló gbọ́dọ̀ máa sọ fún àwọn tó kù. Díẹ̀díẹ̀ ni ohùn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. "Yí padà!" "Ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ!" "Dá a padà fún mi!" Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ dúró létí pápá, ó ní, "Ṣé Fèyí ló ń pariwo báyẹn?" Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ eruku kankan kò sí lára rẹ̀.

Àwọn òbí ni wàhálà. Kí bọ́ọ̀lù ṣáà dé ẹsẹ̀ Fèyí, ariwo á sọ: "Gbá a jáde! Gbá a jáde!" Ìyá Délé ni olórí wọn, ohùn rẹ̀ nìkan tó odidi ẹgbẹ́ akọrin. Àyà àwọn ọmọ á já, wọ́n á gbá a réré, àwọn ọ̀tá á sì gbé e padà wá bá wa. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Ni mo bá ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Lẹ́yìn ìsìn, mo dìde, mo fi ojú mi yìí sọ fún òbí àtọmọ pé òfin tuntun ti dé: aṣọ́lé tó bá gbá bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àárín pápá láìkan ẹnì kan nínú àwọn tirẹ̀, pẹnáritì ni.

Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó ṣe òfin. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Délé kan náà ló ń ké pé, "Fèyí, pẹ̀lẹ́ o! Má gbá a jáde o, pẹnáritì ni o!" Nígbà tí aṣọ́lé ìjọ kejì gbá tirẹ̀ lọ réré tí rẹfirí kò fọn fèrè, Ìyá Délé bi mí léèrè. Mo ní àwọn yẹn ṣì wà lórí òfin àtijọ́, àwa ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán tuntun wò. Ó mi orí, ó ní ó dáa bí wọ́n ṣe fọkàn tán wa. Àwọn ọmọ wá ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń hun agbọ̀n. Kí ó baà lè mọ́ wọn lára, tí a bá ń ṣe ìdánrawò, èmi fúnra mi á pariwo pé "Gbá a jáde!", ẹni tó bá gbọ́ràn sí mi lẹ́nu á sáré yí pápá ká fún ìyà. Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún wọn, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n a ṣáà ń borí. Ta ló ń yẹ òrùlé rẹ̀ wò nígbà tí òjò kò tíì rọ̀? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìlú Ìyìn ni a ti gbá àṣekágbá. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, omi dúró káàkiri orí pápá. Òmì ni a wà, ó kù díẹ̀ kí eré parí, nígbà tí Délé dá bọ́ọ̀lù padà sí Fèyí. Bọ́ọ̀lù dé inú omi, ó dúró. Ọmọ ọ̀tá méjì ń sáré bọ̀, wọ́n ti dí ọ̀tún, wọ́n ti dí òsì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bọ́ọ̀lù, ẹ̀sọ̀ wo ló kù níbẹ̀? Mo fò dìde. "Fèyí, gbá a jáde! Gbá a jáde!" Ìyá Délé ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, "Má gbá a o! Pẹnáritì!" Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò mí. Kí ló rí? Ojú mi yìí náà ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, bí ẹni tó mọ̀ pé mo ń dán òun wò. Ó fi ẹsẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ó fẹ́ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i sínú ilé òfìfo.

Bí fèrè ìkẹyìn ṣe dún, Ìyá Délé gbá ọmọ náà mọ́ra. Ó ní, "Má sunkún, ó ṣáà sàn ju pẹnáritì lọ." Rẹfirí tó ń kọjá dúró. Ó ní, "Pẹnáritì wo, mà?" Ìyá Délé ṣàlàyé òfin náà fún un. Rẹfirí wò mí. Gbogbo òbí wò mí. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín: "Háà, Kóòṣì! Ẹ ti tún ṣe é!" Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu ara wọn léjìká. Èmi ni wọ́n ń fi rín o, ṣùgbọ́n Fèyí ló dúró láàárín ẹ̀rín náà, ẹrẹ̀ kún ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ já wọ pápá. "Urọ́ ni? Urọ́ lo fi kọ́ ọmọ mi?" Fèyí bi mí, kò pariwo: "Kóòṣì, ààrò mẹ́ta ńkọ́? Kí a máa wẹ̀yìn ńkọ́? Èwo ló wá jẹ́ òótọ́?"

Kò tíì pa dà sórí pápá láti ọjọ́ náà. Olùkọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ ló tún ń wò. Mo lọ sílé wọn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ dìde jàre, Bàbá Ṣadé, ta lẹ tún fẹ́ tàn?" Ó ń wá ibi tí ẹ̀rín wà. Ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín, kò sì ní kí n dìde. Mo dá dìde fúnra mi, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ibẹ̀ ni mo ti bá Fèyí, bọ́ọ̀lù wà nílẹ̀ láàárín wa. Ẹnu mi kò níye lórí mọ́. Mo kàn yí bọ́ọ̀lù náà sí i lẹ́sẹ̀, jẹ́jẹ́, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Mo rí i. Lẹ́yìn náà ló gbá a pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó fò kọjá fẹ́ǹsì, ó bọ́ sí títì.

Mo lọ gbé e wá. Mo ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ báyìí. Mo ń yí i sí i, ó ń gbá a sọ nù, mo ń lọ gbé e. Orúnkún mi kò gbádùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mo bẹ̀ yín, ẹ má rẹ́rìn-ín: ṣé kí n ṣì máa lọ ni, àbí kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mò ń bi yín.