Fọ́tò Pẹ́lẹ́ńgẹ́ Tí Mo Gbé Pamọ́

Ẹ jókòó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fa àga yẹn sún mọ́ mi kí n má baà máa pariwo. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀pá yín sílẹ̀, ẹ yéé fi lu ilẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìwọ jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Rárá, má jókòó síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń gún ọ lójú. Bọ́ sí apá ibí. Ẹ wò mí o, ẹni tí dókítà ti ní kó lọ máa sinmi nílé, mo ṣì ń to ènìyàn síbi ìmọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí ọmọbìnrin yìí ti wà ní ọ̀dọ́. Bó bá bá mi wọ ilẹ̀, á jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ba ayé rẹ̀ jẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi. Bí ẹ bá já lu ọ̀rọ̀ mi, mo mọ ara mi, màá yí i sí àwàdà, a ó jọ rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé àbúrò yín obìnrin ń ya fọ́tò. N ò ya fọ́tò rí. Ọ̀gá tó jókòó yìí ló ń yà, èmi ni mò ń yan. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe módẹ́ẹ̀lì, tó fẹ́ máa wọ aṣọ fún àwọn aránṣọ ńlá kí ayé rí i, á wá sí sítúdíò wa. Ọ̀gá á yà á, yà á, yà á, èmi á wá yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìwé fọ́tò tí ọmọ náà máa gbé lọ fún àwọn tó ń gba módẹ́ẹ̀lì. Asẹ́ ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, torí pé ìdọ̀tí kì í gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: màá to fọ́tò sórí tábìlì gígùn, màá yí gbogbo wọn lórí kodò, kí ojú mi má baà rí ènìyàn mọ́, kó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti òjìji àti bí ara ṣe dúró nìkan ló máa rí. Èyí tó bá ṣì ń fà mí bẹ́ẹ̀, ó lágbára. Lẹ́yìn náà màá lọ fọ ọwọ́, màá padà wá. Èyí tí mo bá ń rò nígbà tí mò ń fọ ọwọ́, òun ló máa ṣíwájú ìwé. N kì í sì í fi ẹyọ kan tí kò lágbára sí i, torí ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ á fa gbogbo ìyókù sílẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ gbogbo èyí. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì yẹn ló ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni Ọ̀gá ní: ìyá kì í yan fọ́tò ọmọ. Bó ti wù kí ìyá náà gbọ́n tó, ìjókòó wà fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó lọ jókòó síbẹ̀. Ọmọ tí ìyá mọ̀ ló máa ń wá, èyí tó ń rẹ́rìn-ín sí i láàárọ̀. Àwa ní tiwa, fọ́tò tó máa dá ẹni tí kò mọ ọmọ náà rí dúró là ń wá. Mo ti lé ìyá síta lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọ̀kan tiẹ̀ ń sunkún, mo ní, "Ìyáàfin, ìfẹ́ yín ti pọ̀ jù fún tábìlì yìí." Mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Ẹnu mi yìí.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í ṣe ọmọ inú mi, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò wa ọkùnrin ló bí i. Ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ ní òun ń lọ wáṣẹ́ lókè òkun, pé òun á padà wá mú un. Ẹ̀gbọ́n, èmi àtẹ̀yin la jọ sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Títí dòní a ò gbọ́ "mo dé." Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Màmá láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, èmi tí n ò lọ́kọ, tí n ò bímọ, tí ẹnu mi ti lé gbogbo ọkùnrin àdúgbò sá. Bí mo bá ti gbọ́ "Màmá" yẹn lẹ́nu ọ̀nà, ó ti tó mi jẹun. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. N ò wí àwáwí, mò ń sọ ibi tí ẹ̀rù mi ti wá ni.

Nígbà tó dàgbà, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní módẹ́ẹ̀lì lòun fẹ́ ṣe. Obìnrin kan sì ń bọ̀ tó ń ṣa ọmọ lọ síbi àfihàn aṣọ ní ìlú òkèèrè. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Nígbà tó yá, ó rẹ ọmọ náà. Wọ́n ti nu àtíkè ojú rẹ̀ kúrò, ó jókòó lórí àpótí nínú aṣọ dúdú kan báyìí tí kò ní ọ̀ṣọ́, láìwọ bàtà, ó rò pé iṣẹ́ ti parí. Ìdérí lẹ́ńsì já bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó dún, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yíjú, Ọ̀gá sì tẹ kámẹ́rà. Nígbà tí fọ́tò yẹn jáde, mo yí i lórí kodò bí mo ṣe ń ṣe, ó ṣì fà mí. Mo lọ fọ ọwọ́, mo fọ̀ ọ́ títí omi fi tutù sí mi lára, fọ́tò yẹn náà ni mò ń rò. Èjìká kan ga ju èkejì lọ, ojú rẹ̀ ń wò ọ́ tààrà bí ẹni tó bi ọ́ ní nǹkan tó sì ń dúró gbèsì. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìdí iṣẹ́ yẹn, n ò rí irú rẹ̀. Inú mi bà jẹ́. Ẹ gbọ́ mi bí? Ó yẹ kí inú mi dùn, inú mi bà jẹ́, torí mo mọ̀ pé fọ́tò yẹn máa gbé e lọ, ẹni tó bá sì lọ nínú ilé tiwa kì í padà wá.

Ọ̀gá ní, "Asẹ́, bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ni ọ́ lónìí." Mo fara ya. Mo ní, "Èmi lẹ fẹ́ fi òfin yẹn mú? Ta ló ń fi àwọn ìyá yẹn jókòó?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, asẹ́ ò mọ ọmọ tirẹ̀." Ó bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ọ̀gá, ẹ gbọ́n, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹnu mi borí yín lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ mi ni mo fi ṣe é. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á ṣèèṣì bà á jẹ́; èmi bà á jẹ́ létòlétò. Mo mú èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, tí kò dáa ju kí wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀ lọ. Mo mú méjì tó ti dúró bákan náà, kí wọ́n lè rò pé kò mọ ìdúró mìíràn. Mo mú èyí tí etí fọ́tò ti gé e lọ́rùn ọwọ́, mo mú èyí tí àtíkè ti bo ojú. Èyí tó sàn díẹ̀, àárín ni mo fi í sí, níbi tí wọ́n ti máa ń sáré ṣí i kọjá. Èyí tó burú jù ni mo fi parí ìwé, torí fọ́tò ìkẹyìn ni wọ́n ń gbé lọ sílé lọ́kàn. Fọ́tò orí àpótí, mo tì í bọ ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Mo ní tó bá jẹ́ ti Ọlọ́run, ọmọ náà á rí i gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń di ẹrù tirẹ̀ ru Ọlọ́run.

Ọ̀gá bi mí. Ẹ bi mí, ẹ ò bi mí? Ẹ ní, "Fọ́tò tí mo yà nígbà tí ìdérí já bọ́ dà?" Mo ní ó ṣókùnkùn, mo ti sọ ọ́ nù. Ẹ ní, "Èmi ni mo yà á. Kò ṣókùnkùn." A jọ dúró báyìí, ẹ ń wò mí, mò ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ní, "Ìwọ lo lọ́mọ," ẹ sì lọ. Ẹ má tẹrí ba, Ọ̀gá. Ìdákẹ́ yín kéré sí irọ́ tèmi.

Ìwé náà dé ọwọ́ obìnrin yẹn, ó pe sítúdíò, èmi ni mo gbé fóònù. Ó ní, "Mo rí ọmọ yìí lórí ìjókòó níta kí n tó pè é wọlé. Ẹni tí mo rí yẹn ò sí nínú ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní fọ́tò kan, ọ̀kan péré, tí kò kun nǹkan kan sójú?" Dúrọ́ọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Mo tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ní, "Ìyáàfin, èyí tó dáa jù la kó wá." Ó ní, "Ó mà ṣe o. Ẹ bá mi kí i." N ò bá a kí i.

Ẹ ṣí fèrèsé yẹn, ooru ń mú mi. Ẹ ṣí i dáadáa. Ó tó, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? A ò tíì débẹ̀. Ọjọ́ tí èsì dé pé wọn ò mú un, mò ń lọ aṣọ nílé ìdáná. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sunkún. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ fọ́tò. Ẹ má tàn mí. Ṣé ojú mi ni?" Irọ́ tó rọrùn pọ̀ nílẹ̀ tí mo lè mú. Mo lè ní aṣọ ni. Mo lè ní obìnrin yẹn ò mọ nǹkan kan. Àmọ́ bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, á tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé n ò ní lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Mo wo ojú tí mo mọ̀ pé n ò rí irú rẹ̀ rí, mo ní, "Ojú rẹ ni. Ó dáa nílé, àmọ́ kì í jáde nínú fọ́tò." Aṣọ tí mò ń lọ ti ń jóná. Ó wá bá mi yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lórí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́ fún mi, Màmá."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sunkún díẹ̀, màá sọ ọ́ tán.

Mo rò pé mo ti mú un dúró. Asẹ́ tó ní òun ń gbèjò, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ọmọ tó ń bá mi gbé látọjọ́ náà kọ́ ló jókòó sórí àpótí. Ẹ bi ara yín, ta ló ní fọ́tò Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nílé? Níbi ìgbéyàwó rẹ̀, ó fọwọ́ bojú títí ọkọ rẹ̀ fi bínú. Ní ọjọ́ ìbí ọmọ, òun ló máa ń di kámẹ́rà mú. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan lẹ máa rí, níbi tó ti ń gbé ọmọ jókòó. Gbogbo wa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, à ń pè é ní onítìjú. Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun yìí kan náà ló ń wẹ̀ mí láàárọ̀, tó ń fi ṣíbí bu oúnjẹ sí mi lẹ́nu, tó bá sì ti tẹ̀ sórí mi báyìí, mi ò ní ibi tí mo lè gbé ojú sí.

Ǹ bá sì kú pẹ̀lú ẹ̀ o. Èèyàn burúkú ni mí, ǹ bá kú pẹ̀lú ẹ̀. Àmọ́ ní ọjọ́sí, Onídígí, ọmọ Pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí a ń pè bẹ́ẹ̀ torí pé kì í kúrò níwájú dígí, ta gèlè mi sí èjìká, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá yìí, ó ń yí ọrùn. Ọrùn ìyá rẹ̀ gan-an ni. Èjìká kan ga ju èkejì lọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, o dúró lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, o rọra sọ fún un, "Fi ìyẹn sílẹ̀, ìyá mi. Ojú tiwa kì í jáde nínú fọ́tò." Ọmọ náà ká gèlè mi, ó fi í sórí ibùsùn, kò bi ọ́ ní ìdí. Ọ̀rọ̀ mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ yẹn. Mo gbé e fún ọ, o ti gbé e fún un. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí mi, fọ́tò orí àpótí yẹn wà níbẹ̀. Ẹ mú un fún un. Ẹ má wò ó ṣáájú rẹ̀, ẹ mú un fún un.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Mo rí i pé o ti yí i lórí kodò. Ta ló kọ́ ọ nìyẹn? Èmi náà ni. Wò ó bó ṣe wù ọ́, mi ò kánjú. Irọ́ ni mo pa. Ojú rẹ kọ́. Kò fìgbà kan jẹ́ ojú rẹ. Ọ̀gá, ẹ bá àwọn ọmọ tó ń wá sí sítúdíò yín sọ ọ́, kí wọ́n má ṣe bi ẹni tó máa sunkún tí wọ́n bá lọ bóyá kí wọ́n lọ. Ẹni tó fẹ́ràn wọn lè ṣe wọ́n bí èmi ṣe ṣe ọmọ yìí, á sì máa pè é ní ìfẹ́.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo bẹ̀ ọ́. Ìdáríjì tèmi lè dúró. Bí o bá fẹ́ kó dúró títí màá fi kú, ẹ̀tọ́ rẹ ni; bí o bá sì rán ẹlòmíràn wá wẹ̀ mí lọ́la, ó yé mi. Àmọ́ mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ Onídígí lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Èyí tó o máa sọ fún un ò gbọdọ̀ di ọ̀la. Pè é wọlé, ọmọ mi. Fi ìyá rẹ̀ hàn án.