Epo Pupa Nínú Bùwátì

Ẹ̀yin ará, mo ba orúkọ ọmọlọ́mọ jẹ́. Ojú mi ló ṣe ń bàjẹ́, mo sì panu mọ́. Ọyẹ́ méjì ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà. Mi ò sọ ọ́ nínú àdúrà ìjọ, mi ò sọ ọ́ fún ọmọ tí mo bí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bú mi. Èmi náà ti bú ara mi débi pé díẹ̀ ló kù fún yín.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ ni pé lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, oníbàárà mi kan láti Yoko sọ fún mi pé Pátírọ̀n Wàsíù ń palẹ̀ gáráàjì rẹ̀ mọ́ ní Sakété. Pátírọ̀n la ń pe ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ wa. Ó ní ó ti ta jáàkì ńlá rẹ̀, pé bí oṣù yìí bá parí, oko bàbá rẹ̀ ló ń lọ, kó lọ máa gbin ẹ̀gẹ́. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mẹ́káníṣẹ̀n tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ kẹ̀! Èmi ni mo sì fà á.

Epo pupa ni mò ń tà ní ọjà Pobè, ó ti lé ní ogún ọdún. Mo máa ń fọ́nnu pé bí ẹ bá gbé epo sínú ìgò, láti òkèèrè ni n óò ti sọ fún yín bóyá ti Towé ni tàbí ti Issaba. Ẹnu mi ò sinmi lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run fi mú mi.

Ọkọ mi, alàgbà ni nínú ìjọ aláṣọ funfun. Orúnkún òsì rẹ̀ ń dùn ún, ìyẹn ló ṣe ra ọkọ̀ ọtomátíìkì, èyí tó ń pa fítẹ́ẹ̀sì, ìyẹn jíà, dà fúnra rẹ̀, tí ẹsẹ̀ òsì kò ní í ṣiṣẹ́ kankan. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní n lè wà á lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì epo kankan ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Níṣojú àwọn ọmọ ló ti ṣe òfin yẹn.

Pátírọ̀n Wàsíù ló pààrọ̀ epo bùwátì ọkọ̀ náà kí ọyẹ́ tó dé. Bùwátì ni àpótí irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀, inú rẹ̀ ni fítẹ́ẹ̀sì ti ń yí padà. Epo tirẹ̀ náà pupa. Inú ìgò lítà ni wọ́n sì ń rọ ọ́ sí, bíi ti bẹntiróòlù kpayo tí wọ́n ń tà létí títì, kò sí ìwé kankan lára rẹ̀. Ìgò kan ṣẹ́kù. Ọkọ mi gbé e sábẹ́ bẹ́ǹṣì nínú ìsọ̀ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìgò epo tí mo fi ń han àwọn oníbàárà.

Ọkọ mi wá lọ sí ìpàdé ìjọ ní Àjàṣẹ́. Oníbàárà kan ní Issaba ń retí kẹ́ẹ̀gì méjì. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì sínú búùtù, mo sì lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ẹ̀kán pupa nílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Mo ní bùwátì ló ń jò, ọkọ mi yóò sì pa mí. Mo sáré wọ ìsọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, mo fa ìgò kan jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, mo dà á tán síhò tí ọkọ mi ti fi hàn mí rí. Inú mi tún dùn. Mo ní èmi náà ti di mẹ́káníṣẹ̀n.

Ẹ̀yin ará, bùwátì kò jò. Kẹ́ẹ̀gì mi ló jò sínú búùtù, tó ń kán sílẹ̀. Èyí tí mo dà síbẹ̀, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ọyẹ́ fi wọlé. Láràárọ̀, bí ọkọ mi bá fi ọkọ̀ sí ìrìn, yóò kọ́kọ́ dúró bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí a wí. Ìgbà tó bá yá, yóò ta gìrì: gbì! Bó bá tún fẹ́ bọ́ sí fítẹ́ẹ̀sì kejì, gbàgà! bí ẹni pé ẹnì kan ta á nípàá láti ẹ̀yìn. Tó bá di ọ̀sán, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ọkọ mi ní Wàsíù ti ba ọkọ̀ òun jẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ìgò epo bùwátì wà níbẹ̀, ó kún dẹ́nu.

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì, ṣèèṣì ló ṣe. Ṣùgbọ́n mo gbé ìgò yẹn lọ sẹ́yìn ilé, mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, mo fọ ìgò, mo rọ epo pupa sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé mo ṣi ìgò mú. Nígbà tí ọkọ mi ń pariwo Wàsíù, mo bá a pariwo. Mo ní àwọn mẹ́káníṣẹ̀n ayé òde òní, ojúkòkòrò ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́.

A gbé ọkọ̀ lọ sí Sakété. Ọkọ mi bú Wàsíù tán, ó wọ takisí lọ sí Àjàṣẹ́, ó ní kí n dúró lọ́dọ̀ àbúrò mi nítòsí ibẹ̀, kí n máa ṣọ́ ọkọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó lórí àpótí tí mo ń wo ọkùnrin náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, nítorí mi ò tíì rí irú rẹ̀ títí di òní.

Àwọn mẹ́káníṣẹ̀n méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ní bùwátì ti kú, kí a lọ ra òmíràn ní Kútọ́nù. Òun kò tú nọ́ọ̀tì kan. Ó kọ́kọ́ fi ìbéèrè wá mi lẹ́nu wò bíi dókítà. Ṣé òwúrọ̀ ló ń ta gìrì jù, àbí ọ̀sán? Bó bá ń lọ síwájú ni, àbí bó bá ń padà sẹ́yìn? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan nǹkan lára rẹ̀? Mo dá a lóhùn gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ti ìkẹyìn nìkan ni mo parọ́ sí.

Ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ abẹ́ sítíárì. Ẹ̀rọ ní kò sí àìsàn kankan. Wàsíù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀rọ kì í gbóòórùn, ìyá." Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo bùwátì yọ, ó nù ún sára aṣọ funfun kan, ó tì í padà sínú rẹ̀, ó tún fà á yọ. Epo náà ga ju àmì lọ. Ó wò ó pẹ́ títí.

"Èmi ni mo rọ epo síbí, mo mọ ibi tó dé," ló wí. "Epo kì í bímọ nínú bùwátì."

Ẹ̀yin ará, nínú ọyẹ́ yẹn, òógùn bò mí.

Ó fa epo náà díẹ̀ sínú ìgò funfun kan, ó rọ epo bùwátì tuntun sínú èkejì, ó gbé àwọn méjèèjì sórí ògiri níta kí wọ́n sùn síbẹ̀. Ọkọ̀ náà, ìta ló fi í sí. Láàárọ̀, ti tuntun mọ́ gaara. Tiwa ti dì nísàlẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n bí kì í bá ṣe èmi?

Ó wọ inú ọkọ̀ tó ti tutù, ó tẹ bíréèkì, ó fà á sí ìrìn, ó ń kà á sókè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Gbì! Ó jáde, ó tú abẹ́ bùwátì, ó yọ asẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rá ti dí ojú asẹ́ náà pa. Ó fi hàn mí pẹ̀lú sùúrù, bí olùkọ́ ṣe ń fi nǹkan han ọmọ. Ó ní bí òtútù bá mú, epo kì í rọ́nà kọjá, bùwátì kò ní í tètè rí agbára di fítẹ́ẹ̀sì mú. Bí agbára bá wá dé, á já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí oòrùn bá mú, ọ̀rá á yọ́, ọ̀nà á là. Ó fi ìka méjì pa ọ̀rá náà, ó gbé e símú. Ó wá wo ọwọ́ mi. Ogún ọdún epo pupa wà lábẹ́ èékánná mi.

Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí alàgbà gbọ́, pé mo ti rú òfin rẹ̀, pé yóò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, yóò sì fi mí ṣe ẹlẹ́yà níwájú ìjọ.

Ó ní, "Ẹ dìde, ìyá. Ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe, n kì í tú ilé. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó sọ ọ́ fún bàbá."

Mo búra. Mo ní kí ọkọ mi tó bu òkèlè kan bó bá dé, yóò gbọ́.

Ó da epo náà nù, ó fọ abẹ́ rẹ̀, ó fi asẹ́ tuntun sí i, ó rọ epo tuntun. Ó wà á yí ká ìlú kí ara rẹ̀ gbóná, ó tún dà á nù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá gbé mi títí dé Yoko, a sì padà, mi ò mọ ìgbà tí fítẹ́ẹ̀sì yí. Bí ẹni tó pọn ọmọ tó ti sùn ló ń lọ. Mo gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ mi lójú ọ̀nà, mo kàn ń yìn ín ni.

Ọkọ mi dé. Wàsíù ní epo tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀, òun ti yọ ọ́. Ọkọ mi fò sókè: "Ta ló dà á síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ìwọ?"

Wàsíù wò mí. Ó fún mi láyè, ẹ má jẹ́ kí n purọ́, ó fún mi láyè dáadáa. Mo ń wo ìka ẹsẹ̀ mi. Ìgbà tó rí i pé mi ò ní í sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá."

Láti ibẹ̀ ni ọkọ mi ti lọ sí ibùdókọ̀ takisí, ó ní Wàsíù ti jẹ́wọ́ pé epo burúkú lòun rọ sínú bùwátì. Àwọn onítakisí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkọ̀ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Títí di òní, bí a bá pàdé lọ́jà, yóò dọ̀bálẹ̀ fún mi: "Ẹ kú ọjà, ìyá. Ọkọ̀ ńkọ́?" Ọkọ̀ wà dáadáa. Kò béèrè nǹkan mìíràn rí. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń tọrọ. Ọkọ mi ti dàgbà. Ojú yóò tì í níwájú gbogbo àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún. Ṣé iwájú rẹ̀ ni kí n ti kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ni, àbí kí n kọ́kọ́ lọ sí Sakété? Ẹ dá mi lóhùn kíá, oṣù ti ń parí lọ.

Ẹ̀yin onítakisí Sakété, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọkọ̀ yín padà fún un. Mo gbọ́ pé ẹni tó bá kọ̀wé wá sí ojú ewé ìmọ̀ràn yìí lè bo orúkọ rẹ̀. Ẹ má bá mi bo tèmi. Èmi ni Ìyá Bọ́lá, elépo, ní ọjà Pobè. Èmi ni mo da epo pupa sínú bùwátì. Wàsíù ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.