Bí Olúwa Ṣe Gba Orúkọ Ọmọ Mi Padà

Ẹ bá mi yin Ọlọ́run! Ẹ bá mi yìn ín dáadáa! Ògo ni fún Ẹni tó gbọ́ ẹkún obìnrin! Halelúyà!

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Tọ́lání, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo kọ́ ìdajì àwọn ọ̀dọ́ ìjọ yìí ní A-B-D, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn míràn nínú wọn ò kí mi mọ́ ní títì. Ìyàwó Dádì Tọ́lání ni mí. Ẹ má bínú, ẹnu mi ò tíì gbà láti pe ara mi ní opó.

Ọpẹ́ ni mo wá dú. Ṣùgbọ́n omijé wà nínú ọpẹ́ tèmi yìí, ẹ fara dà á fún mi.

Tọ́lání ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa. Yaba ló ti ń ṣiṣẹ́, lókè ilé kan lẹ́yìn ọjà Tejúoṣó. Iṣẹ́ ẹ̀ ò yé mi tẹ́lẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Kí gan-an lò ń wò tó o fi ń tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣáà mọ owó inú kọ̀ǹpútà táwọn èèyàn ń rà, tí wọ́n ń pè ní tókìn? Kò ní báńkì, kò ní máníjà. Òfin tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé òfin yẹn jáde, fúnra ẹ̀ ló máa ń ṣiṣẹ́. Èmi ni wọ́n máa ń gbé e fún ṣáájú, kí n wò ó bóyá ibì kan wà tí olè lè gbà wọlé." Mo ní, "Àṣé bí ẹni tó ń yẹ ilẹ̀kùn àti fèrèsé wò ni, káyálégbé tó kó wọlé." Ó ní, "Mọ́mì, ó ti yé yín!" Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn ọkùnrin kan wá gbé tókìn tiwọn wá síbi iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní torí àwọn ọlọ́jà tó ń dá àjọ ni. Tọ́lání yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí ibi tó burú níbẹ̀. Àwọn tó ni ín lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn, kó jẹ́ pé wọ́n á lè rà, wọn ò ní lè tà, kí àwọn sì kó gbogbo ẹ̀ sá lọ. Ó sọ fún wọn. Wọ́n ní àṣìṣe ni, wọ́n lọ tún un ṣe, wọ́n gbé e padà wá. Ọmọ mi tún un wò, ó rí i pé ó ti dáa, ó fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ibẹ̀ yẹn mú.

Ohun kan wà tó máa ń ṣe tó bá parí iṣẹ́. Ó máa ń gbé òǹtẹ̀ òfin tó yẹ̀ wò gan-an, àmì kan tí kọ̀ǹpútà ń yọ láti inú òfin yẹn bí ìtẹ̀ka, sí ibi tí gbogbo ayé ti lè rí i lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni ò lè pa á rẹ́, tí òun gan-an ò lè pa á rẹ́. Tí wọ́n bá yí lẹ́tà kan padà nínú òfin yẹn, òǹtẹ̀ ẹ̀ á yàtọ̀. Ọ̀gá ẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Tọ́lání, ìwọ àti àṣejù!"

Àwọn ọkùnrin yìí gbé tókìn wọn jáde, wọ́n fi fọ́tò ọmọ mi sí i, orúkọ ẹ̀ gàdàgbà nísàlẹ̀. Ọkọ mi rí i lórí fóònù. Háà! Inú Dádì dùn débi pé kò lè jókòó. Nídìí oúnjẹ ó bi í pé, "Ṣé ìwọ lo yẹ èyí wò?" Tọ́lání ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ rà á o. Ilẹ̀kùn ni mo wò, mi ò mọ inú ẹni tó nilé." Ẹ̀yin ará, "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ni Dádì gbọ́. Ó ti ń pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí fóònù.

Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń ṣe láàárín ara wa. Tí ọmọ èèyàn bá ti fọwọ́ sí nǹkan, ó ti di onídùúró ẹ̀ nìyẹn. Ta ló ń bèèrè ohun tó fọwọ́ sí gan-an? Dádì dìde nípàdé ẹgbẹ́ àwọn bàbá nínú ìjọ yìí, ó ní, "Ọmọ mi ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fọkàn balẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n rà á. Òun náà kó owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ sí i.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹni tó fẹ́ tà ò rí i tà. Ilẹ̀kùn ti tì. Àwọn tó ni ín ti pa fóònù. Olúwa, ṣàánú!

Àwọn kan nínú ẹ̀yin ìjọ yìí wá sílé wa. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ dúró lẹ́nu géètì wa ní Surulere, ẹ ń pariwo olè. "Ẹ pe ọmọ yín jáde!" Ọlọ́pàá mú Tọ́lání lọ, wọ́n gba kọ̀ǹpútà ẹ̀, wọ́n gba fóònù ẹ̀. Ọ̀gá wọn ní tẹ́ṣàn sọ fún mi pé, "Màdáàmù, ẹ má sunkún sí mi lára. Orúkọ ọmọ yín ló wà lórí ẹ̀." Tọ́lání ní, "Sà, ẹ wo òǹtẹ̀ tí mo gbé síbẹ̀, kí ẹ fi wé èyí tí wọ́n tà." Ọ̀gá yẹn ní, "Òǹtẹ̀ wo? Ìwé dà? Gbé e wá." Kò sí ìwé kankan, orí kọ̀ǹpútà ló wà. Kò sì sẹ́ni tó lè kà á ní tẹ́ṣàn yẹn. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ẹ̀ tó ń pè é ní aláṣejù, ṣé ẹ rò pé ó wá jẹ́rìí? Kò gbé fóònù mi.

Dádì ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ó ní òun ò fẹ́ bá ẹni tó mọ òun wọ ọkọ̀ kan náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé yẹn. Àwọn tó ti ń bá a jókòó síbẹ̀ látìgbà tí irun orí wọn ṣì dúdú dìde, wọ́n lọ síbòmíràn. Òun nìkan ló kọ orin níbẹ̀ títí ìsìn fi parí. Mò ń wò ó láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ló ṣubú ní balùwẹ̀. Dókítà ní, "Bàbá, ìfúnpá yín ti ga jù. Kí lẹ ń rò?"  Nígbà tó ku èmi àti Dádì, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìyá Tọ́lání, ọmọ yẹn sọ fún mi. Ó sọ fún mi nídìí oúnjẹ, mi ò gbọ́." Mo ní, "Ẹ sinmi, Dádì." Ó ní, "Bá mi sọ fún un pé mo ti gbọ́ báyìí." Kò sọ̀rọ̀ míì mọ́ títí tó fi lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró fún Tọ́lání kí wọ́n tó jẹ́ kó wá sin bàbá ẹ̀. Létí sàréè, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: "Ẹni tó pa á ló ń sunkún yẹn." Tọ́lání náà gbọ́. Látọjọ́ yẹn, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí mọ́. Kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀ kí n lè gbọ́ bó ṣe ń mí. Iṣẹ́ tí bàbá ẹ̀ rán mi, mi ò lè jẹ́ ẹ, ẹ̀rù ń bà mí pé á pa á. Mo bá Ọlọ́run jà. Mo ní, "Olúwa, O ti mú ọkọ. Ṣé O tún fẹ́ mú ọmọ ni?"

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò sùn! Ẹ bá mi sọ ọ́! Ọlọ́run ò sùn!

Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì àgbà àwọn ọlọ́pàá, sọ́wọ́ ọlọ́pàá obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó wo ọmọ mi lójú. Ó ní, "Àǹtí, kí lẹ ti ń sọ látọjọ́ yìí tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́?" Ìbéèrè yẹn nìkan, Tọ́lání bú sẹ́kún. Ó ṣàlàyé fún un. Obìnrin yẹn gbé òǹtẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú wa, èyí tí ọmọ mi gbé síbẹ̀ àti ti tókìn tí wọ́n tà fún yín. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀, mo rí i pé wọn ò jọra! Halelúyà! Ó ní, "Èyí tí ẹ yẹ̀ wò kọ́ ni wọ́n gbé jáde. Ẹ̀yìn yín ni wọ́n dá ilẹ̀kùn olè yẹn padà." Gbogbo ayé ló lè rí i látọjọ́ yìí. Kò ṣáà sẹ́ni tó wò ó.

Wọ́n dá a sílẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ ti tẹ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn, ẹjọ́ ẹ̀ wà ní kóòtù. Mi ò lè ṣèlérí fún yín pé owó yín á padà, torí tiwa náà wà níbẹ̀.

Nígbà tá a délé, mo jíṣẹ́. Mo ní, "Tọ́lání, Dádì ẹ ní kí n sọ fún ẹ pé òun ti gbọ́ báyìí." Ó sunkún títí. Lẹ́yìn náà ó jẹ ẹ̀bà, ó ní kí n bù sí i. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tíyẹn jẹ́ fún mi! Olúwa, o ṣé o! O ṣé tí O fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún mi!

Ẹ̀yin tí wọ́n parọ́ mọ́ níbí, tí ẹ ń sọ òótọ́ tí kò sẹ́ni tó gbọ́, ẹ má dákẹ́. Ẹ máa sọ ọ́. Ọlọ́run á gbé ẹni tó máa wò ó dìde. Ó lè pẹ́. Lójú tèmi, ó pẹ́ gan-an ni, mi ò ní parọ́ lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n Ó ṣe é.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Tọ́lání wà níbí lónìí. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kó lè tètè jáde tí ẹ bá wò ó bákan. Bẹ́ńṣì bàbá ẹ̀ sì ṣófo níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ dìde níbẹ̀, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó bá mi dúpẹ́, ẹ lọ mú ọmọ mi lọ́wọ́. Ẹ mú un wá síbi bẹ́ńṣì yẹn. Kí ẹ sì bá a jókòó.